Mo Fi Fóònù Bàbá Ìyàwó Mi Rọ Òrùka Sàdáàkì

Bí ẹ bá máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ yáa tètè rín in báyìí. Tí ẹ bá fi máa kà á délẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rín má wù yín mọ́. Ní tèmi, ó ti sú mi.

Naeem ni orúkọ mi. Mo ń tún fóònù ṣe ní agbègbè Post Office, n'Ílọrin. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo sọ ara mi di awakùsà. Mi ò gbé ṣọ́bìrì lọ sínú igbó o. Inú fóònù tó ti kú ni mo ti ń wa kùsà tèmi.

Rasheedah ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Alfa Sulaiman tó ní ilé kéwú ní àdúgbò Gàmbàrí ni. Ìyá rẹ̀, Alhaja Hàlímọ̀tù, ti jáde láyé ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Rasheedah ò fi ìgbà kankan pè mí ní "ìwọ". "Ẹ" ló máa ń lò fún mi, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àwàdà mi, títí kan àwọn tí kò pani lẹ́rìn-ín rárá. Kí ni ọkùnrin tún ń wá?

Lọ́jọ́ kan, Alfa gbé fóònù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun dání. Fóònù àtijọ́ ni, ó wúwo dáadáa. Ó ti bọ́ sínú omi àlùwàlá, kò sì tàn mọ́. Alfa ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà kéwú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbé ní mọ́sálásí.

"Naeem," ó ní, "mo mọ̀ pé fóònù yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Rasheedah wà ní ọsibítù, àràárọ̀ ló máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Nígbà míì, kò ní sọ ju 'Alfa, ṣé ẹ ti jẹun?' lọ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn."

Omi lé sí mi lójú, mi ò ní purọ́ fún yín. Alfa ni mo purọ́ fún.

Ó ní ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà Táíwò ti sọ fún òun pé apá òun kò ká a, pé ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó ohùn àti àwòrán jáde nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kí n kúkú fi ránṣẹ́ sí i?" ó béèrè.

"Ìbàdàn kẹ̀?" Mo fi ọwọ́ lu àyà. "Bàbá, nígbà tí èmi wà níbí? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù fún yín. Mo ní irin kan tí mo fi ń jó wáyà pọ̀, tí orí rẹ̀ ti wọ́, mo ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì, mo sì ní ẹnu. Ẹnu yẹn ni mo fi ń tún ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù márùn-ún. Nígbàkígbà tí Alfa bá béèrè, èsì mi kò yí padà. "Ó ku díẹ̀, Bàbá."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ ni ìgbà tí wọ́n dá ọjọ́ yìgì wa. Ọkọ Sakinah, ẹ̀gbọ́n Rasheedah, ti fi yẹtí wúrà ṣe sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó kí wọ́n tó so yìgì, nígbà tirẹ̀, gbogbo Gàmbàrí ló sì gbọ́. Èmi náà gbọ́. Kódà ó jọ pé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn, nítorí nígbà tí mo bi Rasheedah ohun tó fẹ́, ohun tó sọ ni pé:

"Ohunkóhun tí ẹ bá mú wá ló tó mi. Kódà kó jẹ́ Kùránì kan, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀."

"Kùránì kan?" mo ní. "Kí wọ́n lè máa sọ pé ọkọ Sakinah ju ọkọ ẹ lọ? Wúrà ni mo máa gbé wá."

"Níbo lẹ ti fẹ́ rí wúrà?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Orí fóònù mi ni mo ti rí ìdáhùn. Fídíò kan ni. Ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, ó kó bọ́ọ̀dù fóònù àti ti kọ̀ǹpútà sínú abọ́, ó da ásíìdì lé e, orin ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì fa wúrà jáde tó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo wo fídíò náà nígbà mọ́kànlá. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè ìdí tí ẹni tó ń fa wúrà jáde ní ìṣẹ́jú kan fi ń bẹ èèyàn kí wọ́n tẹ̀ lé òun.

Mo lọ bá àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, mo ra bọ́ọ̀dù rédíò, ti tẹlifíṣọ̀n, ti kọ̀ǹpútà, àpò mẹ́ta gbáko. Mo ra ásíìdì. Mo ra ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni mo rí lára rẹ̀ nígbà tí mo délé. Ọ̀sán gangan ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Èéfín pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde. Màmá mi sáré yọ láti inú ilé, ó fi ìborùn bo imú.

"Naeem! Kí lò ń sè?"

"Wúrà ni, Màmá."

"Wúrà ló ń rùn báyìí? O ò rí i pé àgùntàn mi ti ń wúkọ́ ni?"

Lóòótọ́ ni, àgùntàn náà ń wúkọ́. Èmi náà wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀fọ́ tí Màmá gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rọ lọ́jọ́ kejì, ásíìdì sì dá ihò méjì sí ṣòkòtò mi níbi tí kò yẹ kí ihò wà. Síbẹ̀, mo ya fídíò ara mi, mo gbé e sí ojú wasáàpù, mo sì sọ ara mi lórúkọ, Naeem Oníwúrà. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí mi pé kí n kọ́ wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mi ò tíì rí wúrà kankan.

Ohun tí mo rí kó jáde jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ pupa rúsúrúsú. Mo dì í sínú ọ̀rá, ó di ọ̀dọ̀ Ádámù, alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ọjà Tuntun. Ọkùnrin náà dán an wò, ó wò mí, ó tún dán an wò.

"Àbúrò, bàbà lo kó wá," ó ní. "Wúrà tó wà nínú ẹ̀, eṣinṣin lè gbé e fò."

"Àpò mẹ́ta ni mo lò!"

"Kò sí ohun tó kan wúrà nínú ìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe rédíò kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn." Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàánú mi. "Tó o bá tilẹ̀ máa rí nǹkan kan, àwọn fóònù àtijọ́ ni kó o wá. Àwọn tó wúwo yẹn. Wọn ò ṣahun wúrà sí wọn lára bíi ti ìsinsìnyí."

Àtijọ́. Tó wúwo. Ẹ ti mọ èyí tó wá sí mi lọ́kàn.

Mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo wá fóònù márùn-ún tí àwọn oníbàárà kò padà wá gbé mọ́, mo sì fi àwọn yẹn tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ló kù sí yìgì, márùn-ún kò sì jọ ohun tó máa tó. Mo sọ fóònù Alfa kalẹ̀ láti orí àjà. Mo dá a padà. Mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi rojọ́, èmi náà ni mo sì ń dájọ́. Mo ní, ṣebí ó ti kú. Mo ní, oṣù karùn-ún rèé, kò ta pútú. Mo ní, lẹ́yìn ìgbéyàwó, màá sọ fún Alfa pé iná mọ̀nàmọ́ná ló jó o, yóò sì ní ohun tí Ọlọ́run bá kọ ni. Mo ní, ta ni màá tilẹ̀ fi wúrà náà fún bí kì í ṣe ọmọ rẹ̀? Ní ìparí ẹjọ́ náà, mo dá ara mi láre pátápátá.

Ojú kò tì mí láti ya fídíò rẹ̀. Àwọn èèyàn mi lórí wasáàpù ṣáà ń dúró. Mo gbé fóònù náà sókè, mo yí i síwá sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i dáadáa, mo fi pílíásì ya á sí méjì, mo yọ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ sínú ásíìdì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó hó. Mo ń kọrin sí i.

Ádámù bá mi yọ́ ohun tí mo rí. Ó kéré, àmọ́ wúrà ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi bàbà díẹ̀ lú u, ó rọ òrùka kan tó fẹ́lẹ́.

"Kó má fi fọ abọ́ o," ó kìlọ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sí yìgì, Alfa pè mí.

"Naeem, fóònù ńkọ́? Mo fẹ́ kí Rasheedah gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó dà bíi pé òun náà wà níbẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn. Ó tilẹ̀ yẹ kí n pa irọ́ iná mọ̀nàmọ́ná tí mo ti tò sílẹ̀. Ohun tí ẹnu mi sọ ni pé: "Bàbá, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa gbọ́ ọ."

Alfa ní, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ." Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́, mo ṣe àmín.

Àárọ̀ Sátidé ni yìgì. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé Alfa, àwọn alfa jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Rasheedah àti àwọn obìnrin wà nínú ilé. Mo wọ aṣọ funfun. Màmá mi ti ń sunkún ayọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Kí ni sàdáàkì?" Ìmáàmù béèrè.

"Òrùka wúrà kan," ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn.

Ìmáàmù gbé e sókè kí jámọ̀ọ̀ rí i. "Màṣáállàhù!" ni gbogbo ibẹ̀ hó. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Wọn ì bá so yìgì náà, ká jẹun, ká lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọkọ Sakinah jókòó sí ọ̀kánkán mi, kò pariwo Màṣáállàhù rárá, ó kàn ń wo bí òrùka náà ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ní kí wọ́n gbé makirofóònù fún mi.

"Ẹ̀yin bàbá wa," mo ní, "mi ò rà á lọ́jà o. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ nínú àwọn fóònù tí ayé ti sọ nù."

Àwọn kan kígbe Allahu Akbar. Bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú ní, "Fóònù ló dà báyìí?" Abdulsobur, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, fò dìde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọ̀rẹ́ tó ń pa èèyàn láìmọ̀, kó wá wo Abdulsobur.

"Àwọn bàbá ò gbà gbọ́ ni? Fídíò ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi!" Ó sì gbé fóònù rẹ̀ lọ tààrà sí iwájú Alfa Sulaiman. "Ẹ wo iṣẹ́ ọkọ ọmọ yín, Bàbá!"

Alfa wọ awò ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú fídíò náà, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo àgbà fóònù tí mo fẹ́ pa lónìí!" Orí mi wú.

"Bá mi dá a dúró níbí," Alfa sọ fún Abdulsobur. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ẹ̀rín rẹ̀ ti lọ. "Naeem, o lọ sí ilé kéwú, àbí?"

"Mo lọ, Bàbá."

"Wá bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí yìí."

Mo rìn lọ. Makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀.

"Sulaiman," mo ní. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

"Sulaiman wo?"

Mo tún tẹjú mọ́ lẹ́tà náà bíi pé orúkọ míì máa yọ síbẹ̀.

"Mo ní Sulaiman wo?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"Níbo ló wà báyìí?"

Ojú mi lọ síbi òrùka. Ojú gbogbo èèyàn náà lọ síbẹ̀. Ìmáàmù rọra gbé e kalẹ̀ lórí ẹní, ó sì fi aṣọ nu ìka rẹ̀.

Bàbá arúgbó tó wà níwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Inú àpò bàbá ọmọ ló ti mú ohun tó fẹ́ fi gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá ọmọ?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn tó pariwo Màṣáállàhù jù ni wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Ọkọ Sakinah rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú.

Ìmáàmù ò rẹ́rìn-ín. "A ò lè fi ohun olóhun so yìgì," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń tú àpò agbádá. "Owó wà! Ẹ jẹ́ ká fi owó rọ́pò ẹ̀!"

"Ọmọbìnrin ló ni sàdáàkì," Ìmáàmù dáhùn. "Ẹ lọ béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò sí ẹni tó ní láti lọ. Makirofóònù ti bá mi sọ gbogbo rẹ̀ dé inú ilé. Rasheedah ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, láàlì ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ̀, Sakinah dì í mú ní apá.

"Ohùn ìyá mi ńkọ́?" ó bi mí.

"Rasheedah, ẹ̀mí kò sí nínú fóònù yẹn mọ́ tẹ́lẹ̀..."

"Mi ò bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ fóònù." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ "ọ́" lẹ́nu rẹ̀. "Mo ní, ohùn ìyá mi ńkọ́?"

"Ó ti bá ásíìdì lọ."

Kò sunkún. Ó ṣe mí bíi pé kó sunkún, kí n lè rí ohun tí màá bẹ̀.

"Mo sọ fún ọ pé Kùránì kan tó mi," ó ní. "O ní rárá, nǹkan ńlá ni. Ó dáa, nǹkan ńlá ni mo fẹ́. Ohùn ìyá mi ni sàdáàkì mi. Ọjọ́ tó o bá gbé e dé, kí Ìmáàmù so yìgì."

Ó wọlé. Ìmáàmù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Jámọ̀ọ̀ ò rí yìgì so, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ìrẹsì náà tán. Àwọn kan tilẹ̀ di tiwọn sínú ọ̀rá.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn awakọ̀ á máa ké láti títì pé, "Naeem Oníwúrà, bá wa yọ́ ọkọ̀ yìí!" Àwọn oníbàárà ti ń jókòó tì mí tí mo bá ń tú fóònù wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá nọ́ńbà ọkùnrin Ìbàdàn yẹn, mo pè é, mo ṣe bíi pé fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní omi ló wọ̀ ọ́. Ó ní, "Omi nìkan? Gbé e wá. Wá gbà á lọ́jọ́ kejì." Mo pa fóònù, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tí iṣẹ́ kan bá ju agbára yín lọ, ẹ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ní pa yín. Ó sàn ju kí ẹ máa gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn lọ.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ yìgì náà, èmi àti Màmá mi lọ bẹ Alfa. Màmá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Rasheedah ò jáde sí wa. Ó ti kó gbogbo ẹ̀bùn mi sínú àpótí kan ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dìde," Alfa ní. "Mo ti dárí jì í."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an, ó ṣe mí bíi pé ó kúkú nà mí. Mo yọ òrùka náà ní àpò, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ gbà á, Bàbá. Tiyín ni."

Ó mú un, ó wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Wọ́n ń ta wúrà ní Ọjà Tuntun, Naeem," ó ní. "Bó bá ṣe pé wúrà ni mo fẹ́ ni, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."